Ọgbẹ́ Ẹ̀gún Ọ̀pẹ Tí Kò Wú

Ẹ̀yìn Gáréèjì,
Ore.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Ìbídùn ọmọ mi,

N kò ní béèrè bóyá ara le, nítorí mo gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù láàárọ̀ àná, ó sì le ju tèmi lọ. O ní ṣọ́ọ̀bù tó o gbà sí Odigbo ti parí, wọ́n ti kùn ún, káńtà ti wọlé, àwọn ọlọ́kadà tó ń dúró níwájú rẹ̀ sì ti ń béèrè ọjọ́ tí wàá ṣí i. Inú mi ì bá dùn. Ọmọ tí mo fi kẹ́míìsì tọ́, tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìlera, tó gba ìwé ẹ̀rí, tó wá ń ṣí tirẹ̀, ìyá wo ni kò ní jó? Ṣùgbọ́n o fi ohun méjì kún un kó o tó sọ fóònù sílẹ̀. O ní kí n kọ bí mo ṣe ń po àpòpọ̀ ránṣẹ́ sí ọ, oògùn inú ọ̀rá kékeré tí gbogbo awakọ̀ fi mọ̀ mí, kí n kọ ọ́ ní ẹyọ ẹyọ, èyí tó funfun àti èyí tó pupa. O tún ní kí n fún ọ ní fọ́tò ńlá bàbá rẹ tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, kó o lè gbé e kọ́ sí tìrẹ, kí àwọn ará Odigbo lè rí ẹni tí oògùn ilé wa tọ́jú.

O béèrè é bí ẹni ń béèrè iye iyọ̀ inú ọbẹ̀. Mo dá ọ lóhùn pé màá wò ó. Irọ́ ni mo pa, kò sí ohun tí mo fẹ́ wò. Ó ti lé lọ́dún márùn-ún tí mo ti mọ ohun tó yẹ kí n sọ fún ọ, ẹnu mi ni kò gbà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ sínú ìwé, kó o má baà já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, kí èmi náà má baà wo ojú rẹ kí n sì yí ohùn padà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni màá kọ irú ìwé yìí. Kà á dé ìsàlẹ̀ kó o tó bínú.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìwà agọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí mo lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá oníkẹ́míìsì kan lẹ́bàá gáréèjì níbí. Ọ̀gá mi kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ojú oníbàárà. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kìíní pé, "Ẹni tó ń rìnrìn àjò kò ráyè àìsàn. Ohun tó bá máa gbé e dìde ni kó o fún un." Ìwọ náà mọ Ore. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Èkó, èyí tó ń lọ sí Benin, èyí tó ru igi, gbogbo wọn ló ń dúró jẹun ní oríta, kò sì sí èyí tó fẹ́ pẹ́ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Àlàájì kan tó ń wa ọkọ̀ igi wọlé wá, ibà ń gbọ̀n ọ́n bí ewé, ó ní òun gbọ́dọ̀ dé Benin kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo po àpòpọ̀ fún un bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi: oògùn ibà, oògùn ara ríro, fítámínì pupa, àti wóró kékeré funfun kan tí gbogbo wa ń pè ní dẹ́sà. Kó tó jẹ ìrẹsì rẹ̀ tán ní búkà, ara rẹ̀ ti tutù. Nígbà tó ń padà bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ra búrẹ́dì ńlá fún mi, ó ní, "Ọmọ dáadáa, oògùn rẹ gbé mi dìde bí ẹni tí wọ́n jí." Ó sọ ọ́ káàkiri gáréèjì. Nígbà tí mo fi máa ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, Màmá Dìde ni gbogbo awakọ̀ ń pè mí.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo ní fún ọ wà níbẹ̀, gbọ́ ọ. Ẹni tó dìde ló ń padà wá dúpẹ́. Ẹni tó ṣubú sí Benin tàbí sí Lọ́kọ́ja kò ní padà sí Ore wá bú mi. Ogún ọdún ni mo fi ń gbọ́ ìyìn, mo wá rò pé ìyìn nìkan ló wà. N kò mọ iye ẹni tó gbé oògùn mi mì tí ara tù tí ó sì lọ kú síbi tí wọn kò ti mọ orúkọ mi. N kò sì ní mọ̀ ọ́n láéláé. Nítorí náà, má fi ẹnu oníbàárà díwọ̀n oògùn rẹ.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ bàbá rẹ.

Bàbá rẹ kò ṣàìsàn kankan, orúnkún ló ń dùn ún. Ẹni tó ti ń ru àpò kòkó ní oko Ajue láti kékeré, orúnkún rẹ̀ kò lè ṣàìké. Mo fún un ní àpòpọ̀ lọ́sẹ̀ ìkórè kan, ó jí lọ́jọ́ kejì, ó ní òun lè bá ewúrẹ́ sáré. Láti ọjọ́ náà, ó di wóró kan láràárọ̀. Nígbà tó yá, mo yọ àwọn oògùn yòókù kúrò, mo fi dẹ́sà nìkan sílẹ̀, nítorí mo ti rí i pé òun gan-an ló ń ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi fún un. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kó o sí i lọ́wọ́, pẹ̀lú omi nínú kọ́ọ̀bù.

Ìwọ náà rí bí ara rẹ̀ ṣe rí nígbà náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ó ń dán. Ikùn rẹ̀ yọ, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ nípọn. Níbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá ìjọ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ni mo ń sè fún ọkọ mi tí ojú rẹ̀ fi rí roboto báyìí. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń tún gèlè ṣe. Èmi fúnra mi ni mo mú un lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò. Mo ní kí ó ya ojú rẹ̀ dáadáa, kí ó fẹ̀ ẹ́ kó tóbi, mo sì gbé e kọ́ sẹ́yìn káńtà. Bí oníbàárà bá ń ṣiyèméjì, màá nawọ́ sí i, màá ní, "Ẹ wo ọkọ mi." Fọ́tò tó o ń béèrè nìyẹn, Ìbídùn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti bàbá rẹ, oògùn ló wú u bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ ọ́ kalẹ̀ lánàá, mo sì ti dáná sun ún, má béèrè é mọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló rí i nínú gbogbo wa, ìyẹn Àǹtí Wùmí, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. Ó wá kí wa lọ́jọ́ kan, ó di apá àbúrò rẹ̀ mú, ó wò ó títí, kò rẹ́rìn-ín.

Ó sọ ọ́ ní ohùn ìlú wọn pé, "Ìyàwó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọma ìyá mi ń tóbi, apá rẹ̀ sì ń gbẹ. Ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Kí lo ń fún un?"

Mo ní, "Oúnjẹ ni, Ẹ̀gbọ́n. Àbí ẹ fẹ́ kó máa rù ni?"

Ó ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dáa, tí a kò bá sọ fún un, hùrù-hẹrẹ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn, òun ti sọ tòun. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Mo sọ fún bàbá rẹ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jowú wa.

Kò pẹ́ sígbà náà ni bàbá rẹ tẹ ẹ̀gún ọ̀pẹ mọ́lẹ̀ lóko. Ó wọ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó fa díẹ̀ yọ, díẹ̀ kù sínú. Kò sí ọmọ àgbẹ̀ tí kò mọ ohun tó ń tẹ̀lé e. Ẹsẹ̀ á wú, á pọ́n, á gbóná, ẹni náà kò ní lè fi í tẹlẹ̀, títí tí ọyún á fi tú tí ẹ̀gún á sì bá a jáde. Ti bàbá rẹ kò wú. Kò pọ́n, kò gbóná. Ihò kékeré kan ṣáá ló wà níbẹ̀, ó sì ń fi ẹsẹ̀ náà rìn lọ sóko. Ó ń gbé e han àwọn alágbàṣe rẹ̀, ó ń sọ fún wọn pé ara òun ti di irin. Èmi náà ń yangàn, mo ní oògùn mi ni.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ó ní òtútù ń mú òun. Mo fọwọ́ kàn án, kò gbóná, mo ní kì í ṣe ibà. Mo fi wóró kan kún ti tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kẹwàá, ẹsẹ̀ náà ti dúdú dé ojúgun, ó ń sọ ìsọkúsọ, kò mọ̀ mí mọ́. Èmi àti Àǹtí Wùmí la gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ìwọ wà nílé ẹ̀kọ́, o kò tíì dé.

Dókítà tó gbà á jẹ́ ọmọdébìnrin, kò lè fi ọdún púpọ̀ jù ọ́ lọ. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo ikùn rẹ̀, ó bi mí pé, "Ìyá, oògùn wo ni bàbá yìí ń lò?"

Mo ní, "Àgbo nìkan ni."

Àǹtí Wùmí yíjú sí mi. Ó ní, "Ìyàwó, sọ ohun tó ò ń fún un. Ẹ̀mí ni o."

Dókítà náà tún bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Ìbídùn, mo fẹ́ kó o mọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn nígbà yẹn, nítorí òun gan-an ni n kò lè dárí rẹ̀ ji ara mi. Kì í ṣe bàbá rẹ ni mo rò. Mo ro ṣọ́ọ̀bù mi, mo ro ohun tí wọ́n máa sọ ní gáréèjì, mo ro àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa wá ti ilẹ̀kùn mi pa. Mo ní, "Ẹ má dá obìnrin yìí lóhùn, dókítà. Kò fẹ́ràn mi rí." Bàbá rẹ kú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, kí o tó wọ ọkọ̀ dé.

O wà níbẹ̀ nígbà ìsìnkú. O gbọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè báwo ni ẹ̀gún ọ̀pẹ ṣe lè pa ọkùnrin tó sanra tó bẹ́ẹ̀. Ojú gbogbo mọ̀lẹ́bí wà lára mi. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo sọ. Mo ní, "Ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló mọ̀." N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tí mo ń bá wí. O mọ ìyókù. Wọn kò jẹ oúnjẹ Àǹtí Wùmí mọ́. Wọn kò ra gaàrí rẹ̀ mọ́ lọ́jà Odigbo. Àwọn ọmọ tó gbé pọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún un lójú ọ̀nà, títí ó fi kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Agbabu. Ìwọ gan-an, nígbà ìgbéyàwó rẹ, o sọ pé àjẹ́ kan kò ní jẹ nínú ìrẹsì rẹ. Mo wà ní ìjókòó. Mo ń ṣa ẹ̀wà, mo ń gbọ́ ọ, n kò sì gbé ojú sókè.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú ni mo padà sí ilé ìwòsàn lọ gba ìwé ikú. Dókítà yẹn rí mi, ó pè mí wọ yàrá rẹ̀. Kò bú mi. Ó ní òun mọ̀ pé kì í ṣe àgbo, ojú òkú náà ti sọ fún òun. Ó fa bébà jáde, ó ń yàwòrán fún mi. Wọ́n kọ́ ọ ní gbogbo èyí nílé ẹ̀kọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìdánwò lo kà á fún. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ fún èmi tó fi ọkọ kọ́ ọ.

Ó ní awọ ara ni ọgbà tó yí ilé ká. Lẹ́yìn ọgbà náà, àwọn ọdẹ wà nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn la ń pè ní ẹ̀jẹ̀ funfun. Bí ẹ̀gún bá gún èèyàn, kòkòrò àìfojúrí á bá a wọlé. Àwọn ọdẹ tó wà nítòsí á kígbe. Igbe wọn kì í ṣe ohùn, oje kan ni wọ́n ń tú sínú ẹran ara. Oje yẹn ló ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀, kí omi àti àwọn ọdẹ yòókù lè ráyè jáde wá síbi ìjà. Òun la rí tí a ní ẹsẹ̀ wú. Òun ló ń pọ́n, òun ló ń gbóná, òun ló ń dunni. Ọyún tí a kórìíra yẹn, òkú àwọn ọdẹ ni, pẹ̀lú òkú ohun tí wọ́n pa. Bí ìjà bá le, igbe náà á dé ọpọlọ, ọpọlọ á pàṣẹ kí gbogbo ara gbóná, nítorí ooru kì í jẹ́ kí kòkòrò gbèrú, ó sì ń mú kí ọdẹ yára. Ibà nìyẹn, Ìbídùn. Ibà tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi pa lẹ́nu mọ́ fún àwọn awakọ̀.

Ó ní àwọn kan tún wà tí kì í tètè dé. Wọ́n á kọ́kọ́ wo ojú ọ̀tá fínnífínní, wọ́n á rọ ohun ìjà tó bá ojú náà mu, ó sì lè gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n, wọn kì í gbàgbé. Èèyi tó mú ọ ní ọmọ ọdún mẹ́rin kò mú ọ mọ́ títí dòní, iṣẹ́ wọn ni. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wàá máa sọ fún àwọn ìyá ọmọ pé kí wọ́n lọ gbà, ńṣe ló ń fi ojú ọ̀tá han àwọn yẹn kí ọ̀tá fúnra rẹ̀ tó dé.

Mo bi í pé kí ni dẹ́sà wá ń ṣe. Ó ní ara fúnra rẹ̀ ń ṣe irú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lókè kíndìnrín, láti fi pe àwọn ọdẹ padà sílé bí ìjà bá parí, nítorí ọdẹ tí kò mọ ìgbà tí ìjà parí lè dáná sun ilé onílé. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń lò ó fún ẹni tí ikọ́ fée ń fún lọ́rùn, tàbí ẹni tí àwọn ọdẹ inú rẹ̀ ń bá ara rẹ̀ jà. Wọ́n mọ ìwọ̀n rẹ̀, wọ́n mọ ọjọ́ tí wọ́n máa dá a dúró.

Ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé e mì lójoojúmọ́ láìsí ìdí, Ìyá, ńṣe ló ń lé gbogbo ọdẹ lọ sùn nígbà tí olè wà nínú ilé. Ara á tù ú. Ara á máa tù ú títí olè á fi kó ilé tán. Ọgbẹ́ ọkọ yín kò wú nítorí pé kò sí ẹni tó jáde wá jà."

Mo bi í pé bí mo bá ti sọ òtítọ́ lọ́jọ́ tí a gbé e dé ńkọ́? Ó ní ara tí wọ́n ti ń fún ní nǹkan yìí láti ìta fún ọdún mẹ́ta á ti gbàgbé bó ṣe ń ṣe tirẹ̀. Ká ní àwọn mọ̀ ni, àwọn ì bá ti fún un ní ìwọ̀n tó yẹ, pẹ̀lú oògùn kòkòrò tó le, kí agbára rẹ̀ má baà já lójijì. Kò sọ pé ì bá yè. Ó ní ó ṣeé ṣe. Mo gba ìwé ikú náà, mo wọ ọkọ̀ Ore.

O máa rò pé mo jáwọ́ lọ́jọ́ náà. N kò jáwọ́. Ó tó ọdún kan sí i tí mo fi tà á. Mo ń sọ fún ara mi pé wóró kan ṣoṣo kì í pa èèyàn, pé bàbá rẹ ló lò ó jù, bí ẹni pé òun ló ń bù ú fún ara rẹ̀. Àfi ọjọ́ tí ìyá kan tó ń ta aṣọ lọ́jà wa, Alhaja oníwà tútù kan, wọlé wá ra tirẹ̀. Ó tú ìbòjú orí rẹ̀ díẹ̀, ó na ìka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó wo fọ́tò, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Ẹ wò ó, Màmá, èmi náà ti ń jọ Bàbá." Mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn fúnra mi lọ́sẹ̀ náà. Láti ìgbà yẹn ni n kò ti tà á mọ́, tí mo sì ń sọ fún gbogbo yín pé àwọn tó ń kó dẹ́sà wá kò wá mọ́. Irọ́ ni ìyẹn náà.

Nítorí náà, àwọn ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe nìyí. N kò tò wọ́n, bí wọ́n ṣe ń dé ọkàn mi ni mo ń kọ wọ́n.

Má po oògùn pọ̀ sínú ọ̀rá fún ẹnikẹ́ni. Oògùn tó o bá máa tà, tà á nínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lára, kí ẹni tó bá gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn lè rí nǹkan fi han dókítà.

Bí ẹni tí ibà ń ṣe bá wọlé, yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kó o fún un ní parasitámọ̀ kí ara rẹ̀ fúyẹ́, ṣùgbọ́n wá ohun tí àwọn ọdẹ rẹ̀ ń kígbe lé lórí. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, sọ pé o kò mọ̀ ọ́n. Èmi kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí ní gbogbo ọdún tí mo fi jókòó sẹ́yìn káńtà.

Wàá rí àwọn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kún bí ti bàbá rẹ, wọ́n pọ̀ ní ojú ọ̀nà yìí ju bó o ṣe rò lọ. Má kí wọn kú oríire. Fi pẹ̀lẹ́tù bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń lò. Bí ó bá jẹ́ dẹ́sà ni, tó sì ti pẹ́, má ní kí wọ́n jù ú nù lọ́jọ́ kan náà o, wọ́n lè dákú. Kọ ìwé lé wọn lọ́wọ́, rán wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà kó lè máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí irú wọn bá fi ẹsẹ̀ gbọgbẹ́ tí ọgbẹ́ náà sì dákẹ́ bí ẹni tí kò sí nílé, má fi ọjọ́ kan ṣòfò.

Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé ọkọ rẹ bá ń ṣàìsàn, má fi oògùn tí wàá rí nítòsí tọ́jú rẹ̀ nítorí pé ìwọ lo ní ṣọ́ọ̀bù. Ìfẹ́ ni mo fi fún bàbá rẹ. Mo fẹ́ kó o mọ̀ bẹ́ẹ̀, kó o má baà rò pé ìfẹ́ á gba ìwọ náà là.

O sọ fún mi lórí fóònù pé bí o kò bá ta àpòpọ̀, wọ́n á gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Òótọ́ ni. Wọ́n á lọ. Ọlọ́kadà tó fẹ́ dìde ní wákàtí kan kò ní dúró gbọ́ ìtàn ọdẹ lẹ́nu rẹ. Wọ́n á pe ọ́ ní agbéraga, wọ́n á ní ìwé tó o kà ló ń gùn ọ́. Jókòó síbẹ̀ kí eṣinṣin bá ọ ṣeré fún oṣù mélòó kan. Èmi tí ṣọ́ọ̀bù mi kún fún ogún ọdún, kí ni mo fi kó sílé?

Lánàá, bí a ṣe sọ̀rọ̀ tán, mo wọ ọ̀kadà lọ sí Agbabu. Mo bá Àǹtí Wùmí lẹ́yìnkùlé, ó ń bó gbágùúdá. Ó ti dàgbà gan-an, ojú rẹ̀ kan kò ríran dáadáa mọ́. Mo kúnlẹ̀ sínú èèpo, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí wóró àkọ́kọ́ dé orí gbólóhùn tí mo sọ níbi ìsìnkú. Kò dá ọwọ́ dúró. Kò ní kí n dìde. Wọ́n ní ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ó bó èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Mo mọ̀. Láti ọjọ́ tí o purọ́ fún dókítà ni mo ti mọ̀. Ìbídùn ńkọ́? O ti sọ fún un?"

Mo ní, "Rárá, Ẹ̀gbọ́n."

Ó ní, "A jẹ́ pé o ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Dìde, máa lọ sí ulí rẹ."

Mo padà sílé, mo sì ti wá sọ fún ọ báyìí. Ohun tó bá wù ọ́ ni kó o fi mí ṣe. Bí o kò bá fẹ́ pè mí ní ìyá mọ́, n kò ní rán àlùfáà tàbí àgbà ìdílé sí ọ láti wá bẹ̀ ọ́. Bí o bá ní kí n wá sọ ọ́ níwájú gbogbo mọ̀lẹ́bí, dá ọjọ́, màá wá. Àǹtí Wùmí ni kó o kọ́kọ́ lọ kí, kó o tó dá mi lóhùn, ìwọ náà ní ohun tó o máa kúnlẹ̀ fún níbẹ̀.

Ní ti àpòpọ̀, n kò ní kọ ọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó rọrùn láti rí ẹlòmíràn tó máa kọ́ ọ. Nítorí náà, gbọ́ èyí dáadáa. Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ pé ó ti dé orí káńtà rẹ, màá gbé àpótí ìjókòó mi wá sí Odigbo. Màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ láti àárọ̀ títí wàá fi ti ilẹ̀kùn. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọlé, ọlọ́kadà, aláboyún, ẹni tó gbé ọmọ pọ̀n, màá dá a dúró, màá sọ fún un pé èmi ni mo pa ọkọ mi, màá sì dárúkọ ohun tí mo fi pa á. Orúkọ rẹ á bàjẹ́ pẹ̀lú tèmi. Mo ti rò ó, mo sì ti gbà bẹ́ẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ, tó bí ọ, tó sì sọ ọ́ di aláìníbaba.